Màrìwò Ẹnu Afárá Olókùúta: Ìdágbére fún Ẹnjiníà Jósẹ́fù Arówólò

Ó dìgbà o, Jósẹ́fù ọ̀rẹ́ mi. Mo dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ ní ilé ìwòsàn Adó, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò dá mi lóhùn, ìwọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ikú ti wọn ilẹ̀ fún ẹni tí ń bá gbogbo ayé wọn ilẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ọmọ abúlé Olókùúta tí ẹ ń ka ìwé yìí tàbí tí wọ́n ń kà á fún yín lórí ìjókòó lónìí, Dèbórà, aya olóògbé, ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére yìí. Ó ní èmi ni mo mọ ọkọ òun jù. Òótọ́ ló sọ. Èmi Sámúẹ́lì Akínlùyì, tísà, àti Jósẹ́fù, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, àgbàlá kan náà la ti rá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Dèbórà kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì mọ̀, òun ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín bó ti yẹ, nítorí ìyìn tọ́ sí i. Abúlé wa, Olókùúta, wà lẹ́yìn Ìjàn, odò ló sì là á kúrò lára ayé. Odò náà ni wọ́n fi sọ abúlé lórúkọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, yóò di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé tí à ń lọ sílé ìwé ní Ìjàn, a ó gbé aṣọ àti síléètì lérí, a ó di ara wa lọ́wọ́ mú, a ó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá òkúta lábẹ́ omi. Inú odò yẹn ni Jósẹ́fù ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun yóò kọ́ afárá sí ibẹ̀ tí òun bá dàgbà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé Ìjàn.

Èmi di tísà. Òun bá àwọn òyìnbó tí ń wọn ọ̀nà ru ṣéènì ìwọnlẹ̀, ó ń kàwé lábẹ́ igi nígbà tí àwọn yòókù ń sùn, ó gbàwé ẹ̀rí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì padà wá di ẹnjiníà. A ti rò pé ọwọ́ wa kò ní tó o mọ́. Ìjọba gbà á sí iṣẹ́ ọ̀nà, wọ́n fún un nílé ní Adó. Ṣùgbọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀, ilé ìwé mi ní Adó ló wá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, téèpù ìwọnlẹ̀ ń yọ lápò. Ó ní kí n fún òun ní kíláàsì kan tí òun yóò ti máa kọ́ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi í léèrè ohun tí yóò rí níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èdè mìíràn ni mo sọ.

Láti ọjọ́ náà ni Sátidé Jósẹ́fù ti di ti gbogbo ayé. Láàárọ̀, yóò máa kọ́ àwọn oníṣẹ́ bí a ti í po iyanrìn, òkúta àti sìmẹ́ńtì kó tó di kọnkéré tó ṣeé fọkàn tán. Lọ́sàn-án, yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgèdè, lọ sí Ìjàn, lọ sí àwọn abúlé tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba, yóò yọjú sínú kànga, yóò yẹ ògiri ilé ìwé wò, yóò wọ abẹ́ afárá onígi. Bí wọ́n bá gbé iṣu fún un, ìyá àgbà àkọ́kọ́ tó bá pàdé lọ́nà ló ni iṣu. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà ní Ìbàdàn gbọ́ ìròyìn rẹ̀, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn fún irú iṣẹ́ yìí ní ẹkùn wa. Kò sí oyè tó dùn mọ́ ọn tó ìyẹn.

Ẹ rántí bó ti máa ń lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré tuntun, tí yóò fi ìka kàn án, tí yóò sì dẹ etí sí i, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ń gbọ́ èémí ọmọ tó ń sùn. Ẹ rántí bó ti máa ń gbójú sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn àlejò á rò pé àdúrà ló wọ̀ ọ́ lára, tí Dèbórà á sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un nítorí ó mọ̀ pé igi àjà ló ń kà. Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kán an lójú lẹ́nu iṣẹ́: “Sìmẹ́ńtì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.” Gbogbo wa la máa ń sín in jẹ. Èmi gan-an ni mo máa ń sín in jẹ jù.

Nígbà tó yá, ó mú ìlérí ọmọdé ṣẹ. Gbogbo Olókùúta jáde fún ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin fọ́ òkúta, àwọn obìnrin pọnmi, wọ́n ru iyanrìn, àwọn bíríkìlà kíláàsì Sátidé wá láti Adó, Jósẹ́fù sì wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ dé e ní ìbàdí. Lọ́jọ́ tí wọ́n da kọnkéré òkè tán, Ọlọ́jà tí í ṣe olórí abúlé wa gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, “Uṣẹ́ rẹ kọjá ọpẹ́, ọmọ mi. Ùlú ò níí gbàgbé.”

Jósẹ́fù dúpẹ́, ó sì sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má gba orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n máa fi àpò tútù bò ó láràárọ̀ kó lè le dáadáa. Pátákó ni ìjọba máa ń gbé sẹ́nu irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wa kò lè ka pátákó. Nítorí náà ó gé màrìwò ọ̀pẹ, ó fi okùn ta á di ẹnu afárá ní ìhà méjèèjì. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ pé ibi tí màrìwò bá dí, ẹsẹ̀ kì í débẹ̀. Wọ́n yà fún un, wọ́n ń gba inú omi bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Èmi ni inú bí. Mo ní kí ni Kìrìsìtẹ́nì tó ti ìlú òyìnbó dé ń fi màrìwò ṣe, ohun àwọn abọ̀rìṣà. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo sì tún sọ ọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ewé. Jósẹ́fù kò bá mi jà. Nígbà tí a jáde, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Sámú, ohun tí wọ́n lè kà ni mo kọ síbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó yé tísà. Kò yé mi.

Ìkórè àkọ́kọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ti Olókùúta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹta. Èmi ni akọ̀wé ìkórè, mo sì ti fi ẹnu mi ṣèlérí fún àlùfáà àti ẹgbẹ́ akọrin Adó pé lọ́rì yóò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé kò sí ẹni tí yóò ká aṣọ sókè nínú omi. Mo bẹ Jósẹ́fù kó ṣí afárá fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó kọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí Ìbàdàn fún ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tó sì bá mi sọ kẹ́yìn ni pé kí n bá òun ṣọ́ afárá.

Èyí ni ohun tí mo ṣe, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjàn ni mo sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, mo gun kẹ̀kẹ́ dé etí odò, mo mú àdá, mo gé màrìwò náà ní ìhà méjèèjì, mo sì jù ú sómi. Omi gbé e lọ. Nígbà tí lọ́rì dé, pẹ̀lú àwọn akọrin àti bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ kò rí ohun tó dí ọ̀nà, ó sì kọjá. Létí odò tí mo dúró sí, mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ afárá, ohùn kékeré, bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́. Mo yára dá orin, mo sì gbé ohùn sókè kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Ẹ ṣì ń yìn mí pé n kò kọrin tó bẹ́ẹ̀ rí.

Jósẹ́fù dé, ó rí okùn tí wọ́n gé, ó rí ipa táyà. Ó wọ abẹ́ afárá, ó bá a pé ó ti sán. Ó pariwo fún ará abúlé pé kí wọ́n padà sínú omi, pé bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá dé òun yóò fọ́ ọ, òun yóò sì tún un kọ́. Ta ni yóò gbọ́? Lọ́rì ti gbà á kọjá, tísà sì ti wàásù pé ewé kò tó bẹ̀rù. Ó so màrìwò mìíràn, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ kún odò, àárín afárá já bọ́ sómi pẹ̀lú Ìyá Fẹ́mi àti kèrègbè epo tó rù. Wọ́n rí i yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ó ń tiro títí di òní, ó sì wà láàárín yín.

Ọlọ́jà pe ìpàdé. Ẹ ò gbàgbé ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ó dín sìmẹ́ńtì kù. Àwọn kan ní ẹnu nìkan ló kọ́ wá láti ìlú òyìnbó. Jósẹ́fù bèèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé ta ló gé màrìwò. Èmi ni akọ̀wé ìpàdé náà. Mo tẹ orí ba, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: “A kò mọ ẹni tó gé e.” Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń wo kálàmù mi. Ó wá dìde, ó ní, “Èmi ni mo kọ́ afárá. Ọ̀ràn afárá, tèmi ni.” Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ parí.

Fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn láti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó fi ipò olórí àwọn olùyọ̀ǹda sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Dèbórà, o bi mí lọ́dún náà pé kí ló dé tí ọkọ rẹ kò kọrin mọ́ ní balùwẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ohun tó fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn ìwọ àti àwọn ọmọ, èmi sì ni mo fà á. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Ẹnjiníà Afárá-já. Ọmọ kan pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé mi, mo sì nà án. Mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ tí èmi fúnra mi kọ sínú ìwé.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni Jósẹ́fù fi tún afárá náà kọ́. Àwọn bíríkìlà kíláàsì Sátidé kò fi í sílẹ̀, kí Ọlọ́run má fi wọ́n sílẹ̀. Sátidé lé Sátidé ni wọ́n ń fi òòlù fọ́ ti àtijọ́, tí wọ́n ń to irin tuntun, òun á sì wà nínú omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ikọ́ mú un. A ní kó sinmi, kò gbọ́. Èmi náà ń bá wọn ru òkúta. Mo rò pé bí mo bá ru òkúta tó, ọkàn mi yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n da kọnkéré òkè. Àga ni wọ́n fi gbé e dé etí odò, kò lè rìn mọ́, ó ń na ìka sí ibi tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ kó ki. Láti ibẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ní ọjọ́ méjì kó tó kú, ó rán Dèbórà lọ ra ẹ̀kọ. Nígbà tó jáde, Jósẹ́fù ki ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ọ̀já okùn kékeré kan yọ, okùn màrìwò àkọ́kọ́. Ó fi ibi tí wọ́n gé hàn mí, bí àdá ti gbà á wọlé láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó ní, “Ọwọ́ òsì ló gé e, Sámú. Ùwọ ni. Mo ti mọ̀ látọjọ́ tí mo ti Ìbàdàn dé.”

Ìyá mi lù mí títí mo fi ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ni mo fi kọ irọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀ràn àdá, òsì ni mo ń lò. Láti kékeré, nínú oko baba rẹ̀, Jósẹ́fù máa ń jìnnà sí òsì mi kí àdá mi má baà bà á. Kò sẹ́lòmíràn tó tún lè mọ̀. Mo sunkún, mo sì bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní, “Afárá ṣeé tún kọ́. Bí wọ́n bá kó ọmọ wọn kúrò ní ulé ìwé rẹ, ta ni yóò kọ́ wọn kí wọ́n lè ka pátákó?” Ó wá ní, “Bá mi ṣọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.” Kò bá mi sọ nǹkan mìíràn mọ́ láyé.

Kò ní kí n jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ìjẹta, àwọn àgbà Olókùúta pinnu pé kí lọ́rì tó gbé òkú Jósẹ́fù jẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gba orí afárá rẹ̀ kọjá lọ sí ibojì, kí ọlá rẹ̀ lè padà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ojú sì ń tì yín nítorí ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀. Mo dìde, mo ní kí ẹ má ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tíì pé. Ẹ ní tísà ti di ẹnjiníà. Ẹ bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Mo ti gé màrìwò ibẹ̀ rí, mo sì gbọ́ bí kọnkéré ti í ké.

Nítorí náà, mo fi ọlá olóògbé bẹ̀ yín. Bí ìsìn bá parí ní Adó, kí lọ́rì dúró ní etí odò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kò ju orúnkún lọ. Àwọn bíríkìlà rẹ̀ ti gbà láti fi èjìká gbé e gba inú omi, ní ibi tí èmi àti òun ti ń fi ẹsẹ̀ wá òkúta nígbà èwe. Èmi ni yóò kọ́kọ́ wọ odò. Ìwé ìpàdé ọjọ́sí wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti kọ orúkọ mi sí ibi tí mo kọ irọ́ sí. Mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ẹnjiníà ní Ìbàdàn. Ìyá Fẹ́mi, mo ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ, ohun tí o bá sì sọ, mo gbà á. Dèbórà, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ irú ẹ̀bẹ̀ tìrẹ. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé, ẹ kó wọn, n kò ní wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwé mìíràn. Nítorí kí wọ́n lè kàwé ni ọkùnrin yìí ṣe gbé ẹ̀gàn mi rù dé ibojì.

Jósẹ́fù, o dárí jì mí kí n tó bẹ̀bẹ̀, ìyẹn ló ń dùn mí jù. O jẹ́ kí n jókòó tì ọ́, kí n jẹun nílé rẹ, kí n di téèpù rẹ mú, okùn yẹn sì wà lápò rẹ ní gbogbo ìgbà. Èmi ìbá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ bí? N kò rò bẹ́ẹ̀. O dára jù mí lọ, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti inú odò.

Máa lọ ní àlàáfíà, ọmọ Arówólò, ọmọ Olókùúta. Màrìwò tuntun wà lẹ́nu afárá rẹ ní ìhà méjèèjì. Èmi ni mo gé e lórí ọ̀pẹ, ọwọ́ òsì ni mo fi gé e, èmi náà ni mo so ó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Bí wọ́n bá ti sin ọ́ tán, ibẹ̀ ni màá padà sí, màá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, màá sì jókòó. Sùn re o, Jósẹ́fù. Mo ń bá ọ ṣọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Sámúẹ́lì Akínlùyì, tísà
Adó-Èkìtì